Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń ya lógò, mo fẹ́ di product designer: kí ló kù tí mi ò mọ̀?

Ìlà_Tínrín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì: lógò, pátákó ìpolówó, èèpo ìwé. Lọ́dún tó kọjá mo pinnu pé product designer ni mo fẹ́ dà, ẹni tó ń ṣètò bí áàpù àti ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa rí àti bó ṣe máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń lò ó. Mo kọ́ Figma, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya ojú áàpù, láàárín oṣù mẹ́ta, mo mú áàpù ńláńlá mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀, mo sì tún ojú wọn yà látòkèdélẹ̀. Kí n má purọ́, wọ́n rẹwà. Mo kó wọn jọ, mo fi wá iṣẹ́ níbi mọ́kànlá. Ibi méjì péré ló dá mi lóhùn.

Ní ọ̀kan nínú méjèèjì, obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fi ìka lé ojú àwòrán mi, ó ní, "Kí ló dé tí bọ́tìnnì yìí fi wà níbí?" Mo ní nítorí pé ibẹ̀ ló ti dùn ún wò jù ni. Ó dákẹ́. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ìdákẹ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì? Ṣé dandan ni kí n kọ́ kóòdù? Báwo ni ọ̀nà iṣẹ́ yìí tilẹ̀ ṣe rí, àbí ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń dà nígbẹ̀yìn?

Bàbá_Fọ́ọ̀mù

Àbúrò, o kú ìgbìyànjú. Ìbéèrè bọ́tìnnì yẹn, òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Ìyókù, ẹnu iṣẹ́ la ti ń kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ilé iṣẹ́ kan gbà mí kí n tún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wọn ṣe. Àpótí mẹ́sàn-án ni èèyàn ní láti kọ nǹkan sí, ìdí àpótí nọ́ńbà fóònù sì ni wọ́n ti máa ń sá lọ. Ọ̀gá ní àwọ̀ ojú ìwé náà ni ò wuni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko yí àwọ̀ padà. Wọ́n ṣì ń sá lọ.

Ìgbà tí ojú wá tì mí tó, mo gbé àga, mo lọ jókòó ti àwọn tó ń lò ó. Ìyá kan mú káàdì kan jáde nínú àpò, ó ń wo nọ́ńbà ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì: mẹ́ta, àlàfo, mẹ́ta, àlàfo, mẹ́rin. Àpótí pọ́n wẹ̀ẹ̀: "Nọ́ńbà kò tọ́." Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, tàlàfo-tàlàfo. Ó tún pọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra gbé fóònù kalẹ̀, ó ní, "Àfàìmọ̀ kí nọ́ńbà mi má ti bàjẹ́."

Ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun kan tó burú. Àlàfo inú nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ò fẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ẹni tó ń kọ kóòdù wa fi ìlà kan péré sí i, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àlàfo náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò ya nǹkan kan. Síbẹ̀, nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún yẹn, òun ni mo fi ń yangàn jù.

Don Norman, ẹni tó jẹ́ oyè User Experience Architect (ẹni tó ń rí sí bí nǹkan ṣe máa rọ òǹlò lọ́rùn) ní Apple lọ́dún 1993, ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé bí èèyàn bá ṣi nǹkan lò, nǹkan náà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe èèyàn náà. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìwọ, lọ wo ẹsẹ̀.

Etí_Gbọ́

"Àfàìmọ̀ kí nọ́ńbà mi má ti bàjẹ́" 😂 Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún dùn mí. Bàbá, èèyàn mélòó lẹ jókòó tì? Ọ̀gá tèmi ní bí wọn ò bá pé igba, òun ò gbà á gbọ́.

Bàbá_Fọ́ọ̀mù

Márùn-ún. Jakob Nielsen àti Tom Landauer, àwọn olùwádìí méjì lórí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1993. Nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹnì kan ṣoṣo máa ń tú nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro tó fara pamọ́ síbẹ̀ jáde. Ẹnì kejì á tún rí díẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú tiẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ ti rí. Tó bá fi máa di ẹnì karùn-ún, o ti ń sún mọ́ ìdá 85. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan náà ni wàá máa gbọ́ ṣáá.

Àmọ́ ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ o. Márùn-ún wà fún wíwá ibi tó ti ń dunni, kì í ṣe fún kíkà. O ò lè jókòó ti èèyàn márùn-ún kí o wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé "ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kò fẹ́ràn rẹ̀." Èèyàn mẹ́ta nìyẹn! Bó bá jẹ́ kíkà lọ̀gá rẹ ń fẹ́, igba tó ń wí yẹn ò burú. Bí oríṣi òǹlò méjì bá sì wà, bíi olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, wá ti oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èmi máa ń wo márùn-ún, màá tún un ṣe, màá tún lọ wá márùn-ún mìíràn.

Kóòdù_Ni_Mo_Ń_Kọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìnkùlé, nítorí èmi ni wọ́n ń gbé àwòrán yín wá bá.

Àwòrán tí dìsáínà tuntun máa ń gbé wá, ọjọ́ ire nìkan ló wà nínú ẹ̀. Orúkọ gbogbo èèyàn kúrú, fọ́tò gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀ kedere, íńtánẹ́ẹ̀tì ń sáré bí ẹṣin. Màá wá bi í pé: orúkọ tó ní lẹ́tà ogójì ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò tíì ní nǹkan kan níbẹ̀, kí ló máa rí? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tó tẹ "Fi ránṣẹ́" ńkọ́? Á ní, "Áà." Áà yẹn, èmi ni màá fi ọ̀gànjọ́ òru yanjú ẹ̀. Dìsáín tí mo bá sì ṣe lọ́gànjọ́ òru, ẹ ò ní fẹ́ràn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "Fi ránṣẹ́" yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dún 1979, ní Three Mile Island, ilé iṣẹ́ amúnáwá kan tó ń lo agbára átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, fáàfù kan ṣí, ó sì há síbẹ̀, kò pa dé mọ́. Omi tó yẹ kó máa mú ààrò náà tutù ń bá ibẹ̀ jáde lọ. Iná kékeré kan wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ipò fáàfù yìí. Iná náà kú, àwọn náà sì gbà pé fáàfù ti pa dé. Àṣé ohun tí iná náà mọ̀ kò ju pé àṣẹ "pa dé" ti lọ. Bóyá fáàfù gbọ́, bóyá kò gbọ́, kò kàn án. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó rí ibi tí omi ń gbà lọ, kí wọ́n sì dí i. Apá kan nínú ààrò náà yọ́.

Ẹ wá wo áàpù tó kọ "Ó ti lọ" nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ló mọ̀ pé wọ́n tẹ òun. Iná kan náà ni.

Ti kóòdù tí o béèrè: rárá, kò di dandan kí o lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mọ ohun tó rọrùn àti ohun tó le. Mo ti rí dìsáínà tó yọ ohun tí mo lè ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nítorí ó rò pé yóò ni mí lára, tó wá fi ohun tó máa gba oṣù méjì rọ́pò ẹ̀. Wá jókòó tì mí fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Bi mí kí o tó yà á tán, má ṣe dúró dìgbà tí ọ̀gá bá ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọ̀_Mẹ́ta

Ìlà_Tínrín, mo lọ wo àkójọ iṣẹ́ tí o gbé sí ojú ewé rẹ. Ọwọ́ rẹ dá ṣáká. Ṣùgbọ́n lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun yẹn, èmi tí ojú mi ò ṣe nǹkan kan, mo ní láti gbé fóònù sún mọ́ imú. Ìlànà WCAG, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń tẹ̀ lé fún iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Bí lẹ́tà bá tóbi, 3 sí 1. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń wọ̀n ọ́n pọ̀ lọ súà. Mo wọn tìrẹ: 2.3.

Má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni kì í dá pupa mọ̀ dáadáa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àpótí Bàbá_Fọ́ọ̀mù tó pọ́n yẹn, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀, àpótí lásán ni lójú irú wọn. Bọ́tìnnì ńkọ́? Apple ní kí ibi tí ìka máa tẹ̀ má dín ní 44 níbùú lóròó lórí ìwọ̀n tiwọn, Google ní 48 lórí tiwọn. Nínú iṣẹ́ rẹ mo rí 20. Ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọdún mẹ́rin gíráfíìkì rẹ ti wọgbó. Susan Kare, ẹni tó ya àwọn àmì kéékèèké orí Macintosh, kọ̀ǹpútà Apple tó jáde lọ́dún 1984, iṣẹ́ ọnà ló kà, kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé onílà ìbú àti òró ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń kun ojú àpótí kéékèèké inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àpótí kan fún ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí lójú ìwé, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ọ̀nà kóòdù wọlé ń wá ìmọ̀ yẹn títí dòní.

Alárìíwísí

Mo dúpẹ́ pé Àwọ̀_Mẹ́ta sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, torí ẹ ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹwà ò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan. Nǹkan tí wọ́n ṣe gánnágànná, èèyàn kì í fi ọkàn tán an, àgàgà bó bá ní kó fi nọ́ńbà káàdì bánkì rẹ̀ síbẹ̀. Dieter Rams, dìsáínà ará Jámánì, wọ iṣẹ́ Braun, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rédíò àti ohun èlò ilé, lọ́dún 1955, ohun tó sì fi ṣe àkọmọ̀nà ni pé kí nǹkan dín kù, àmọ́ kó dára sí i. Ẹwà ni èyí náà, ẹwà tí kì í pariwo.

Ohun tó ń bí mi nínú ni díámọ́ńdì méjì. Ẹ mọ àwòrán tí mò ń wí: Design Council ti ìlú Ọba ló gbé e jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ la ojú sílẹ̀ wá ìṣòro, ẹ kó o jọ sí ẹyọ kan, ẹ tún la ojú wá ọ̀nà àbáyọ, ẹ tún kó o jọ. Kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ gbogbo portfolio, àkójọ iṣẹ́ tí èèyàn fi ń wá iṣẹ́, ló ń fi í ṣe ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe lọ. Irọ́ ni. Tèmi ò lọ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Nígbà mìíràn ọ̀gá ti mú ìdáhùn bọ̀ láti ilé, èmi ni mo wá ń wá ìbéèrè tó bá a mu. Ẹ kọ bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀gá_Kékeré

Alárìíwísí, lórí díámọ́ńdì, ọwọ́ mi rèé. Èmi ni mo ń gba dìsáínà síṣẹ́ níbi tí mo wà, díámọ́ńdì tí mo ti rí á kún ọkọ̀.

Ìlà_Tínrín, kó áàpù mẹ́fà yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. O ò mọ ìdí tí àwọn tó ṣe wọ́n fi ṣe wọ́n báyẹn, o ò mọ ohun tí àkókò ò jẹ́ kí wọ́n ṣe, kò sì sí ẹ̀dá kan tó lo tìrẹ rí. Ìtàn méjì tó, mẹ́ta ti pọ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀, ta ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí? Kí ló dì yín lọ́wọ́? Kí lẹ dà nù, kí ló sì mú yín dà á nù? Kí ló yí padà lẹ́yìn tó jáde? Ti ohun tẹ́ ẹ dà nù yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí níbẹ̀ ni mo ti ń rí bí orí ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán tó gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni lè rí i kọ́pì. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ ṣe é, sọ ibi tí ọwọ́ tìrẹ wà. "A ṣe, a ṣe" kì í jẹ́ kí n mọ ẹni tí mò ń gbà.

Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí: níbo ni yóò ti rí iṣẹ́ gidi ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà á? Wá ohun kékeré tí àwọn èèyàn ń lò tó sì ń ni wọ́n lára. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kan, ojú ìwé ilé ìkàwé, bí wọ́n ṣe ń gba ọjọ́ ìpàdé ní ilé ìwòsàn kan. Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kó kéré ni, kó ṣáà jẹ́ tòótọ́.

Ní ti ọ̀nà iṣẹ́, orúkọ oyè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n á fún un ní ìṣòro àti ìdajì ìdáhùn, kó bá wọn parí ẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìṣòro nìkan ni wọ́n á fún un. Senior, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń fún un: "Àwọn èèyàn ń sá lọ." Òun ló máa wá ìṣòro tó wà nídìí ẹ̀, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ẹ bi Bàbá_Fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan, o di mánija, èèyàn lo wá ń tọ́jú, kì í ṣe ojú fóònù mọ́. Èkejì, staff tàbí principal, ọwọ́ rẹ ṣì wà nínú iṣẹ́ ṣùgbọ́n ìṣòro tí wọ́n ń gbé fún ọ ti tóbi, ó kan ẹgbẹ́ mẹ́rin, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, owó ọ̀nà méjèèjì jọra. Mi ò mọ èyí nígbà tèmi. Mo rò pé gbígbà ni mo ní láti gbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe mánija èèyàn mẹ́rìnlá, ìpàdé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣí Figma láti fi nǹkan kékeré kan han ọmọ iṣẹ́ mi, mi ò rí irinṣẹ́ tí mò ń wá. Wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó wà tipẹ́. Ọmọ náà ló na ọwọ́, tó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Mo padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dún yẹn. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ mi báyìí, òun lẹ ṣe ń rí orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí.

Etí_Gbọ́

Ẹ̀rọ AI ńkọ́? Ṣé kò ní gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ wa báyìí?

Kóòdù_Ni_Mo_Ń_Kọ

Mo ti lò ó. Ó ya ojú ìwé mẹ́wàá fún mi kí n tó mu omi tán. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọjọ́ ire ni wọ́n yà.

Bàbá_Fọ́ọ̀mù

😄 Ní ti irinṣẹ́, Photoshop ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Sketch dé lọ́dún 2010, gbogbo wa kó lọ síbẹ̀. Figma ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn lọ́dún 2016, a tún kẹ́rù. Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni Photoshop, fẹ́ fi bílíọ̀nù 20 dọ́là rà á lọ́dún 2022, wọ́n ti jáwọ́ kí 2023 tó parí. Ìlà_Tínrín, mo rí i pé "Figma" ni o kọ sí òkè pátápátá lójú ewé rẹ. Gbé e wá sísàlẹ̀.

Ìlà_Tínrín

Ẹ máà bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ ṣiṣẹ́ ni.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìkàwé kan, mo gba àyè láti wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fi fóònù bèèrè ìwé sílẹ̀. Mo jókòó ti márùn-ún. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Lójú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, "Tẹ̀síwájú" wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Lójú ìwé kẹrin, "Fagi lé e" ni wọ́n gbé síbẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọ̀ búlúù kan náà, títóbi kan náà, "Mo gbà á" sì wà lápá òsì. Mẹ́rin nínú márùn-ún fagi lé ìwé tí wọ́n fẹ́ yá (Bàbá, mi ò ní kọ ọ́ ní ìdá 80 o). Bàbá àgbà kan ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta ó wò mí, ó ní, "Ìwé náà ò fẹ́ mi."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí obìnrin tó bi mí léèrè bọ́tìnnì.

Mo kọ́kọ́ ya ojú ìwé tuntun pátápátá, bọ́tìnnì kan gbọ̀ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ó rẹwà gan-an ni. Nígbà tí mo gbé e sórí fóònù kékeré, kíbọ́ọ̀dù bò ó mọ́lẹ̀. Mo dà á nù. Ohun tí mo ṣe kẹ́yìn ò ju pé mo gbé "Mo gbà á" bọ́ sápá ọ̀tún, mo sì bọ́ àwọ̀ lára "Fagi lé e", ó wá ku ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ń bá wọn kọ kóòdù ṣe é tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo tún jókòó ti márùn-ún mìíràn, kò sẹ́ni tó ṣì í tẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Èyí tó jáde yìí ò wuyì tó èyí tí mo dà nù. Tí mo bá gbé e sínú portfolio, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan yà ló rí. Ṣé kí n fi hàn bẹ́ẹ̀, àbí kí n tún ojú ẹ̀ ṣe díẹ̀ kí n tó gbé e sí i?

Ọ̀gá_Kékeré

Má fọwọ́ kàn án. Gbé e sí i bó ṣe wà, gbé èyí tí kíbọ́ọ̀dù bò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tí bàbá àgbà yẹn sọ, òun ni kí o fi ṣe ìlà àkọ́kọ́. Má kọ orúkọ rẹ̀. Tó o bá ṣe tán, fi ránṣẹ́ sí mi.

Kóòdù_Ni_Mo_Ń_Kọ

Tó bá kọ "Ó ti lọ", tún bi í bóyá ó dé.